Tí Ìdí Ọkọ̀ Bá Wọlẹ̀

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ oníṣu láti Ṣakí wá sí Ìbàdàn rí mọ bó ṣe máa ń rí. Bùùtù á kún dẹ́nu, ìdí ọkọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, imú rẹ̀ á gbé sókè. Tílẹ̀ bá ṣú, iná iwájú kì í wo ọ̀nà mọ́, orí igi ló ń wò. Sítíárì á fúyẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà, nítorí táyà iwájú ò tẹlẹ̀ dáadáa, bíréèkì náà ò sì ní mú bó ṣe yẹ. Mẹ́káníìkì lè fi sípíríǹgì kún ti ẹ̀yìn. Ìdí ọkọ̀ á gòkè lóòótọ́, àmọ́ ẹrù ò kúrò níbi tó wà.

Ìṣòro yìí gan-an ló ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń fi ọkọ̀ fa ilé orí táyà lọ síbi ìgbafẹ́. Ilé náà ní ibùsùn, ilé ìdáná àti balùwẹ̀. Imú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé lé bọ́ọ̀lù irin tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Kó má baà máa jù sọ́tùn-ún jù sósì lórí eré, ó yẹ kí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ wà lórí bọ́ọ̀lù yẹn. Ilé tó bá wúwo tó 2,500 kílò, tòun tẹrù inú rẹ̀, á gbé 250 sí 375 kílò lé ìdí ọkọ̀.

Ibẹ̀ ni ìkọ́ tí wọ́n ń pè ní weight distribution hitch ti wúlò. Ọ̀pá irin méjì ló ní, tí wọ́n ti ìdí bọ́ọ̀lù lọ sábẹ́ ilé náà. Bí wọ́n bá fa àwọn ọ̀pá náà le, wọ́n á gbé díẹ̀ nínú ìwúwo náà kúrò lórí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n á pín in fún táyà iwájú àti táyà ilé náà fúnra rẹ̀. Kò dín ẹrù kù o. Ẹni tó kó ẹrù tó ju agbára ọkọ̀ rẹ̀ lọ kò lè rí oògùn níbẹ̀.

Ta ló wá nílò rẹ̀? Ẹ má bi ẹni tó ń tà á. Ìwé ọkọ̀ àti àkọlé ara ibi tí wọ́n ń so ìkọ́ mọ́ ni kẹ́ ẹ kà. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Ford F-150, àkọlé náà ní láìsí ìkọ́ yìí, ohun tí wọ́n ń fà kò gbọdọ̀ ju bíi 2,270 kílò, ẹrù orí bọ́ọ̀lù kò sì gbọdọ̀ ju bíi 227. Àwọn ọkọ̀ mìíràn wà tí àwọn tó ṣe wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má lò ó rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan téèpù. Ẹ wọn gíga etí ọkọ̀ lókè táyà iwájú kẹ́ ẹ tó so ilé mọ́ ọn, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn náà. Bó bá gòkè, ìkọ́ náà ló ń dá a padà, títí dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ sọ. Bí wọ́n bá fà á le jù, táyà ẹ̀yìn náà á fúyẹ́, á sì máa yọ̀. Ẹni tí iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ò gòkè, tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ò sì béèrè ìkọ́, kó rọra fowó rẹ̀ ra epo.