Kòkòrò Tó Sá Pamọ́ sí Oríkèé

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ọ̀rọ̀ kòkòrò tó ń gbé inú orúnkún àti ìgbáròkó ènìyàn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Bí oríkèé ara bá bàjẹ́, yálà nítorí ọjọ́ orí, tàbí ìjàǹbá ọkọ̀, tàbí àrùn ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, oníṣẹ́-abẹ lè gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, kí ó sì fi oríkèé àtọwọ́dá, tí wọ́n fi irin àti ike ṣe, rọ́pò rẹ̀. John Charnley, oníṣẹ́-abẹ kan ní ilé ìwòsàn Wrightington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ iṣẹ́ yìí di ohun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ọdún 1962. Láti ìgbà náà, àìmọye ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ ló ti padà ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí ọjà.

Ṣùgbọ́n nínú 100 ènìyàn tí a ṣe é fún, kòkòrò àrùn máa ń wọ oríkèé tuntun náà lára ẹnì kan tàbí méjì. Kòkòrò yìí á lẹ̀ mọ́ irin, á sì fi ohun kan tó ń yọ̀ bí ikun bo ara rẹ̀. Oògùn kò ní tètè rí i pa. Nígbà mìíràn, kò ní sí ibà, kò ní sí ọyún. Ẹsẹ̀ á kàn máa dun aláìsàn ṣáá. Ṣé kòkòrò ni, àbí oríkèé náà kàn tú ni? Ìdáhùn ìbéèrè yìí kì í ṣe ohun kékeré. Bí ó bá tú lásán, iṣẹ́-abẹ kan lè tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ kòkòrò, wọ́n lè ní láti yọ gbogbo rẹ̀, kí aláìsàn lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó fi òmíràn sí i.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀? Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí a fa omi inú oríkèé náà, kí a dà á sínú àwo tí oúnjẹ kòkòrò wà, kí a gbé e sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a sì dúró kí kòkòrò máa pọ̀ sí i. Ọ̀nà dáradára ni. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò kan lọ́ra, pàápàá èyí tí í máa wà nínú oríkèé èjìká. Ó lè gbà tó ọjọ́ 14. Bí aláìsàn bá sì ti lo oògùn apakòkòrò ṣáájú, ó lè má hù rárá, bẹ́ẹ̀ kò tíì kú.

Ọ̀nà tuntun ni kíkà DNA. DNA ni àkọsílẹ̀ tó wà nínú gbogbo ohun abẹ̀mí. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé mọ̀ pé lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25. Lẹ́tà DNA kò ju 4 lọ. Kòkòrò kan tí í sábà ba oríkèé jẹ́, Staphylococcus aureus, ní tó 2,800,000 lẹ́tà nínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Frederick Sanger ní Cambridge gbé ọ̀nà kan tí a fi ń kà á jáde ní ọdún 1977. Lónìí, ẹ̀rọ ń ka àìmọye èérún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wò ó bí oríkì. Bí àlejò bá wà nínú yàrá tó kọ̀ tí kò jáde, ṣùgbọ́n tí a gbọ́ tí wọ́n ń kì í, a ó mọ ìdílé rẹ̀ láì rí ojú rẹ̀.

Ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán an wò. Wọ́n ti oríkèé àtọwọ́dá tí wọ́n yọ bọ inú omi, wọ́n fi ìró tí etí kò lè gbọ́ gbọ̀n ọ́n títí ikun ara rẹ̀ fi ṣí, wọ́n sì ka DNA inú omi náà. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Nínú aláìsàn 115 tí kòkòrò hù nínú àwo wọn, kíkà rí kòkòrò náà lára 109. Nínú 98 tó ní àrùn ṣùgbọ́n tí àwo wọn kò hu nǹkan kan, kíkà rí ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòkòrò náà lára 43.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Nínú 195 tí kò ní àrùn, kíkà ṣì tọ́ka sí kòkòrò lára 7. A máa ń ki òkú gẹ́gẹ́ bí a ti ń ki alààyè. DNA kòkòrò tó ti kú ṣeé kà bíi ti èyí tó wà láàyè. Ẹni tó ń kọjá lọ pàápàá ní oríkì. Kòkòrò orí awọ tàbí ti inú ìgò lè dara pọ̀ mọ́ ọn. Kíkà kò sì lè sọ dájú ní gbogbo ìgbà oògùn tí yóò pa á. Nítorí náà ni oníṣègùn ṣe ń lo àwo àti kíkà pọ̀, tí ó sì ń wo aláìsàn fúnra rẹ̀.

Kí ni tiwa níbẹ̀? Bí oríkèé àtọwọ́dá bá ń dun ẹnì kan nílé yín, tó wú, tàbí tí omi ń jáde lójú àpá rẹ̀, ẹ má ṣe sáré ra kápúsù lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri oògùn. Kápúsù lè mú kí kòkòrò fara pamọ́ láìpa á. Ẹ jẹ́ kí oníṣègùn kọ́kọ́ fa omi oríkèé náà yẹ̀ wò. Bí ibà àti ìgbọ̀nrìrì bá sì wà pẹ̀lú rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Ọ̀tá tí a bá ti mọ orúkọ rẹ̀ ni a lè gbógun tì. Ó dàbọ̀ o.