Bí A Ṣe Ń Tún Egungun Ọkọ̀ Àtijọ́ Ṣe

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí irin kan tí ojú kì í sábà rí, ṣùgbọ́n tí ẹ̀mí gbogbo ẹni tó wọ ọkọ̀ gbára lé. Irin náà ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣáàsì. Òun ni egungun ọkọ̀. Orí rẹ̀ ni ẹ́ńjìnì jókòó lé, òun ni a so sìpíríǹgì mọ́, òun náà ló gbé bọ́dì dúró. Bí bọ́dì bá jìn wọnú, ẹwà ọkọ̀ ló bàjẹ́. Bí ṣáàsì bá jìn wọnú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹwà nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké. Ọkọ̀ náà ni Land Rover, tí ilé iṣẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1948. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939 parí ní 1945, irin sì ṣì wọ́n ní ilẹ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú bọ́dì rẹ̀, wọ́n sì fi irin ṣe ṣáàsì. Wọn kò fi ẹ̀rọ ńlá tẹ irin ṣáàsì yìí jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ńṣe ni wọ́n gé àwo irin pẹlẹbẹ sí gbọọrọ gbọọrọ, wọ́n sì jó mẹ́rin mẹ́rin pọ̀ di ohun tó dà bí àpótí gígùn tí inú rẹ̀ ṣófo. Méjì irú rẹ̀ ló gùn láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn, àwọn irin ìdábùú sì so méjèèjì pọ̀, bí àkàbà tí a tẹ́ sílẹ̀.

Títí di òní ni àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ń tún irú ọkọ̀ yìí ṣe. Bí wọ́n bá tú bọ́dì kúrò, wọ́n sábà máa ń rí ibi tí irin ti jìn wọnú. Òkúta ojú ọ̀nà lè ṣe é, kùkùté lè ṣe é, jáàkì tí a gbé sí ibi tí kò yẹ náà lè ṣe é.

Ẹnì kan lè bi mí pé, kí ni kòtò kékeré lè fi irin tó lágbára bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹ mú agolo kan tó fẹ́lẹ́, tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ gbé e dúró, kí ẹ sì rọra gbé ẹrù lé e lórí. Yóò gbé e, ẹrù náà yóò sì yà yín lẹ́nu. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, kí ẹ fi igi tẹ ẹ̀gbẹ́ agolo náà wọnú díẹ̀, kí ẹ sì tún ẹrù náà gbé lé e. Ojú ibi tó jìn yẹn gan-an ni yóò ti ká kò. Irin tó ṣófo nínú ń rí agbára rẹ̀ nínú pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ bá ti jìn, ẹrù ti rí ibi tí yóò ti ṣẹ́gun rẹ̀. Bí kòtò bá wà nítòsí ibi tí a so sìpíríǹgì mọ́, tàbí níbi tí ẹ̀rọ tí ń darí táyà wà, ewu rẹ̀ pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe lílù. Wíwò àti wíwọ̀n ni. A ó fọ ẹrẹ̀ kúrò, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ojú irin náà títí yóò fi mọ́, a ó sì máa fi òòlù kékeré kàn án wò. Irin tó le yóò dún gbangba. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ láti inú yóò dún bí ìgbá tó fọ́. Lẹ́yìn èyí ni a ó gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. A ó so okùn tó ní irin nídìí, irú èyí tí bíríkìlà fi ń wo ògiri, mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣáàsì, a ó sì fi ẹfun sàmì sí ibi tí ìdí okùn kọ̀ọ̀kan kan ilẹ̀. Nígbà náà ni a ó wọn láti igun iwájú lápá òsì dé igun ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, kí a tó wọn láti igun iwájú lápá ọ̀tún dé igun ẹ̀yìn lápá òsì. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, ṣáàsì kò wọ́. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, egungun ọkọ̀ ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé lè dán èyí wò lórí tábìlì. Tábìlì tó fẹ̀ ní mítà 3, tó sì gùn ní mítà 4, mítà 5 gééré ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, bí igun rẹ̀ bá gún.

Ṣùgbọ́n ṣáàsì lè má wọ́, kí ó sì lọ́, bí aṣọ tí a fún. Láti mọ èyí, a ó gbé igi méjì tó gún régé dábùú rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. A ó bẹ̀rẹ̀, a ó sì gba orí igi ìṣáájú wo orí èkejì. Bí orí wọn bá bára mu, kò sí ìlọ́ níbẹ̀. Ṣáàsì tó bá wọ́ tàbí tó lọ́ nílò ẹ̀rọ tí a fi ń fa irin padà sípò. Òòlù nìkan kò lè tún un ṣe. Èyí tó kàn jìn lójú kan ni a ó máa bá lọ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ìwà irin kí a tó fọwọ́ kàn án. Ẹ tẹ wáyà kan díẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀: yóò padà sípò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kọjá ìwọ̀n: kò ní padà mọ́. Ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn lójú kan náà: ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ni yóò kán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irin ṣáàsì. Gbogbo òòlù tí a bá lù ú ń dín sùúrù tó kù nínú rẹ̀ kù. Àwọn àgbà ní, alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó fẹ́ fà yọ, kí ó má tíì gbé òòlù.

Ṣáàsì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀. Níbẹ̀, a ó gbé irin dídì tó wúwo sí ẹ̀yìn, bí owú alágbẹ̀dẹ, a ó sì máa fi òòlù lu iwájú. A kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìn jùlọ. Etí kòtò ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, tí a ó máa yí i ká wọ àárín, nítorí etí yìí ló di àárín mú. Ṣáàsì Land Rover dé pa ní tirẹ̀, ọwọ́ kò lè wọ̀ ọ́. Wẹ́dà yóò jó bóòtù kan mọ́ àárín kòtò náà, yóò fi ohun tó wúwo fà á síta díẹ̀díẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì máa fi òòlù kan etí rẹ̀. Bí ojú irin bá ti dọ́gba, wọ́n á gé bóòtù kúrò, wọ́n á sì fi fáìlì dán ojú ibẹ̀.

Iná ńkọ́? Iná ń mú kí irin rọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni kí a lò ó. Bí irin bá pọ́n, ẹ má ṣe da omi tútù lé e. Yóò sún kì lójijì, ó sì lè tún wọ́. Irin ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní kò tilẹ̀ gba iná rárá, nítorí iná ń ba agbára tí ilé iṣẹ́ fi sínú rẹ̀ jẹ́.

Bí irin bá ti sán, tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ fẹ́lẹ́, kò sí fífà mọ́. Gígé ni, kí a sì jó àwo irin tuntun tó nípọn bíi ti àtijọ́ sí i. Bí irin tó gùn ní mítà kan bá fi ìwọ̀n 100 gbóná sí i, yóò fi bíi mìlímítà 1.2 gùn sí i. Ìdí nìyí tí wẹ́dà tó mọṣẹ́ kì í fi í jó ojú kan lọ gbọọrọ. Yóò jó díẹ̀ níhìn-ín, yóò lọ sí apá kejì, yóò sì jẹ́ kí ó tutù kí ó tó padà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ara ṣáàsì ni a tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé ibẹ̀ dànù, nítorí nọ́ńbà náà ni orúkọ ọkọ̀ lójú òfin.

Níkẹyìn, ọ̀dà. Inú irin tó ṣófo ni ìpẹtà Land Rover ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí a kun inú bí a ti ń kun ẹ̀yìn, kí a sì rí i pé ihò tí omi ń gbà jáde kò dí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ mẹ́ta yìí. Ẹ tú bátìrì àti táǹkì epo kúrò kí iná tó dé ìtòsí. Táǹkì tí epo ti tán nínú rẹ̀ lè bú gbàmù ju èyí tó kún lọ, nítorí èéfín epo tó kù sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ má sì ṣe lu irin tàbí jó o láìbo ojú.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tó ti gbó, kí ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọ̀dà bá ti nípọn ju ibòmíràn lọ, kí ó fi òòlù kékeré kàn án. Pọ́tì tí a fi dí kòtò ń tan ojú, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹrù. Òòlù yóò sọ òótọ́ fún un kí ó tó sanwó.