Èèyàn Mélòó Ló Yẹ Kó Wà Nínú Ọkọ̀ Panápaná?

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: èèyàn mélòó ló yẹ kó jókòó sínú ọkọ̀ panápaná kan kí ó tó gbéra? Àwọn kan ní mẹ́ta tó. Àwọn mìíràn ní kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́rin. Ẹni tí kò mọ bí iná ṣe ń jó lè rò pé ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo iná fúnra rẹ̀. Láyé àtijọ́, igi àti òwú ni wọ́n fi ń ṣe àga àti tìmùtìmù. Lóde òní, fóòmù àti ike ló kún inú ilé. Àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà fi iná sí yàrá méjì láti fi wò ó. Èyí tí ó ní ẹrù àtijọ́ lò ju ìṣẹ́jú 25 lọ kí gbogbo yàrá tó gbiná. Èyí tí ó ní ẹrù òde òní kò lò tó ìṣẹ́jú 5. Bí yàrá bá ti gbiná bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kò lè yè é mọ́.

Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NFPA. Ẹgbẹ́ aládàáni ni, kì í ṣe ìjọba. Ní ọdún 2001, ẹgbẹ́ yìí kọ ìlànà kan fún àwọn ìlú tí panápaná wọn ń gba owó oṣù. Ó ní kí èèyàn 4 wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní àgọ́, kí èyí àkọ́kọ́ dé ibi iná láàárín ìṣẹ́jú 4, kí àwọn tó kù dé láàárín ìṣẹ́jú 8. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀nà lè dí, nítorí náà wọ́n ní kí ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà 9 nínú 10.

Ṣùgbọ́n ìlànà ni o, kì í ṣe òfin. Kò de ìlú kankan, àfi bí ìlú náà tàbí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ panápaná fẹ́ ìlànà náà. National League of Cities, ẹgbẹ́ tí àwọn ìlú jọ dá sílẹ̀, ta kò ó. Ohun tí àwọn ìlú ń wí ni pé àwọn ló mọ àdúgbò àwọn, àwọn ló sì ń gba owó orí lọ́wọ́ ará ìlú. Wọn kò fẹ́ kí ẹni tí kò san kọ́bọ̀ wá pàṣẹ iye èèyàn tí àwọn yóò gbà síṣẹ́.

Owó náà kì í ṣe kékeré. Ẹ mú bébà, kí a jọ ṣe ìṣirò. Iná kò mọ òru, kò mọ ọjọ́ ìsinmi. Wákàtí 24 ló wà nínú ọjọ́ kan, ọjọ́ 7 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. 24 lọ́nà 7 jẹ́ 168. Ká ní panápaná kan ń ṣiṣẹ́ wákàtí 56 lọ́sẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀. Ẹ pín 168 sí ọ̀nà 56, ẹ ó rí 3. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àga kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ ń fẹ́ èèyàn 3 tí yóò máa gbà á fún ara wọn. A kò tíì ka ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, tàbí ẹni tó lọ sí ìsinmi. Bí ìlú kan bá ní ọkọ̀ 10, tí ó sì fẹ́ fi ẹnì kan kún èèyàn 3 tó wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, èèyàn 30 ni yóò gbà síṣẹ́, ó kéré tán. Gbogbo wọn ni yóò gba owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì. Ta ni yóò san án? Onílé ni, nínú owó orí ilé rẹ̀.

Ṣé ẹni kẹrin wúlò tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n ti dán an wò. Ní ọdún 2010, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń jẹ́ NIST gbé àbájáde àyẹ̀wò kan jáde. Ní Maryland ni wọ́n ti ṣe é, ìpínlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé. Iṣẹ́ 22 ni wọ́n yàn fún àwọn panápaná: fífa rọ́bà omi, gbígbé àkàbà, wíwá ẹni tó há sínú ilé, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n jẹ́ 4 nínú ọkọ̀ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 yá ju àwọn 3 lọ. Wọ́n fi ìṣẹ́jú 7 yá ju àwọn 2 lọ. Ẹ rántí yàrá tí kò lò tó ìṣẹ́jú 5 o.

Ìdí mìíràn wà. Láti ọdún 1998, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò òṣìṣẹ́ ti sọ pé bí èèyàn 2 bá wọ ilé tí ń jó, èèyàn 2 gbọ́dọ̀ dúró níta láti yọ wọ́n bí wàhálà bá dé. Ọkọ̀ tó gbé èèyàn 3 ní láti dúró de ọkọ̀ kejì nìyẹn, àfi bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ̀mí ẹnì kan wà nínú ewu nínú ilé náà.

Ìgbèríko ń kọ́? Nǹkan bí 2 nínú panápaná 3 ní Amẹ́ríkà ni kì í gba owó oṣù. Àgbẹ̀ ni, tàbí olùkọ́, tàbí oníṣòwò. Bí ìpè bá dé, wọn a fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn a sáré lọ. NFPA kọ ìlànà tiwọn lọ́tọ̀: ní ìgbèríko, kí èèyàn 6 dé láàárín ìṣẹ́jú 14. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé àbá òfin tuntun jáde lórí ẹ̀kọ́, ohun èlò àti ìlera panápaná. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìgbèríko pariwo pé owó àwọn kò lè ká a.

Lójú tiwa, ìlú ló ni ẹ̀tọ́ láti pinnu, nítorí ìlú ló ń sanwó. Ṣùgbọ́n ìlú tó bá yan èèyàn 3 gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní gbangba, kí ó sì kéde iye ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ ń lò gan-an. Ẹni tó bá ń gbé níbẹ̀ lè lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú, nítorí ó ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú, kí ó sì béèrè fún ìwé náà. Kí ó wá àdúgbò tirẹ̀ nínú ìwé ọ̀hún. Kí ó má wo ti gbogbo ìlú lápapọ̀ nìkan, nítorí ọkọ̀ lè máa dé àárín ìlú ní ìṣẹ́jú 4 kí ó sì máa lò tó 12 kí ó tó dé ẹ̀yìn odi.