Àfòpiná Tó Bá Igi Óákù Wọ Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín, pàápàá láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje, nígbà tí oòrùn bá ràn táwọn ọmọdé ń ṣeré lábẹ́ igi.

Àfòpiná kékeré kan ni, aláwọ̀ eérú. Tó bá na ìyẹ́ rẹ̀, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò dá wàhálà sílẹ̀, ìdin onírun tó ń di àfòpiná ni. Ewé igi óákù ni ìdin yìí ń jẹ, wọ́n sì máa ń tò tẹ̀lé ara wọn, orí èyí ní ìdí tìyẹn, bí ọmọ iléèwé tó ń wọ kíláàsì. Ìtò yìí làwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwa á máa pè é ní àfòpiná oníwọ̀ọ́de. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi ránṣẹ́ sí wa. Ó ní ìbátan nílé wa níbí o: ìdin tí à ń rí òwú sányán gidi lára ìtẹ́ rẹ̀, ẹbí kan náà ni wọ́n, òun náà sì máa ń tò.

Àárín àti gúúsù Yúróòpù nilé rẹ̀. Ojú ọjọ́ tó ń móoru sí i ti ràn án lọ́wọ́ láti máa lọ sókè, àmọ́ kò jọ pé ó fò dé Lọ́ńdọ̀nù. Ohun táwọn onímọ̀ gbà ni pé ẹyin rẹ̀ ló wà lára igi óákù tí wọ́n rà láti òkè òkun wá gbìn. Ọdún 2006 ni wọ́n rí i ní ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. Ìjọba kọ́kọ́ fẹ́ pa á run pátá. Nígbà tí kò ṣeé ṣe, wọ́n sapá kó má bàa tàn jìnnà. Síbẹ̀, ó ti dé Surrey.

Irun ara ìdin náà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ẹni tí wèrèpè ti gbọ̀n sí lára rí mọ bó ṣe ń rí. Atẹ́gùn ń gbé e, ó ń yún ara, ó ń ta ojú àti ọ̀nà ọ̀fun, ó sì lè mú kí èémí ṣòro fún ẹni tó ní àsímà. Kódà lẹ́yìn tí ìdin ti lọ tán, irun yìí ṣì wà nínú ìtẹ́ wọn, èyí tó máa ń funfun bí òwú lára igi.

Nítorí náà, kí ọmọ má fọwọ́ kàn án, kó má sì fi igi gún ìtẹ́ náà. Bó bá kan ara, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ má fi ọwọ́ ra á, kẹ́ ẹ sì fọ aṣọ náà. Bí èémí bá ń há, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tó bá rí ìtẹ́, kó sọ fún Forestry Commission. Àwọn tó ní aṣọ ààbò ló yẹ kó kó o kúrò.