Sípíríǹgì Tó Yẹ Alùpùpù Oko Kòkó

Nígbà ìkórè, alùpùpù ló ń bá ọ̀pọ̀ wa gbé kòkó láti abà wá sí ìlú, torí mọ́tò kò lè dé gbogbo ibi tí oko wà láàárín òkúta Ìdànrè. Owó tí a yá ni púpọ̀ nínú wa sì fi rà á. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa ní kí mẹkáníìkì fi èyí tó le jù lọ́jà sí tirẹ̀, kí ẹrù má baà mú un balẹ̀ mọ́. Lóòótọ́ kò balẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń lọ sóko lófìfo, ńṣe ni táyà ẹ̀yìn ń ta pọ́ún lórí òkúta. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, irin tí wọ́n de ṣọ́kì mọ́ là, ó sì ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọlọ́run yọ ọ́, àmọ́ òun ló san owó wẹ́dà, kòkó rẹ̀ sì dànù.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹrù tí ẹ sábà máa ń gbé ni kí ẹ fi yan sípíríǹgì. Àpò kòkó 16 ló ń di tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ni pé àpò kan jẹ́ kílò 62.5. Bí ẹni tó ń gùn ún bá jẹ́ kílò 70, àpò kan sọ gbogbo rẹ̀ di 132.5, àpò méjì sọ ọ́ di 195. Ẹ wo ìwé alùpùpù yín bóyá ó gbà á. Bí kò bá gbà á, kò sí sípíríǹgì tó lè sọ ọ́ di tirélà.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Ẹ gbé e sórí sítáǹdì àárín kí táyà ẹ̀yìn má kan ilẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ibì kan lókè táyà, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti àárín táyà dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹni tó ń gùn ún jókòó, kí ẹ di ẹrù sí i, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni bó ṣe rọlẹ̀ tó. Ó yẹ kó jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta ààyè tí táyà ní láti lọ sókè. Bí ààyè náà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9, kó rọlẹ̀ ní 3. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, sípíríǹgì rọ̀ jù. Bí kò bá tó, ó le jù. Àwọn tó ń fi alùpùpù díje nínú igbó lókè òkun pàápàá máa ń wọ̀n ọ́n, wọn kì í fojú díwọ̀n.

Òrùka tí a ń fi sípánà yí nídìí ṣọ́kì kì í sọ sípíríǹgì di líle o. Ó kàn ń gbé alùpùpù sókè ni. Ẹ yí i sókè bí ẹ bá di ẹrù, ẹ yí i sódò bí ẹ bá ń lọ lófìfo, kí apá méjèèjì dọ́gba. Bí ẹ bá yí i dé òpin tó ṣì ń balẹ̀ gbàgà, ìgbà yẹn ni kí ẹ ra èyí tí irin rẹ̀ nípọn díẹ̀ sí i. Ẹ má gé sípíríǹgì: yóò le, ṣùgbọ́n yóò kúrú.

Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù; ọ́ìlì inú ṣọ́kì ló ń dá ìjó rẹ̀ dúró. Bí ọ́ìlì bá ti ń jò, sípíríǹgì tuntun á kàn máa jó ni. Ẹ yẹ ṣọ́kì wò kí ẹ tó náwó.

Ẹ di àpò mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó ń gùn ún, kó má kọjá àárín táyà ẹ̀yìn. Bó bá kọjá, iwájú á fúyẹ́, kò ní gbọ́ ti ọwọ́ mọ́.

Ẹ wọn tiyín kí ìkórè tó dé, kí ẹ sì bá wa sọ ohun tí ẹ rí ní ìpàdé tó ń bọ̀.