Ṣé Síso Háàdì Dísíìkì Pọ̀ Ń Mú Kí Géèmù Yá?

RAID 0 ni ètò tó ń so háàdì dísíìkì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, tí kọ̀ǹpútà á máa rí wọn bí ẹyọ kan. Á gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, á pín in sórí gbogbo wọn, kí wọ́n lè jọ kà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Fáìlì gbọọrọ bíi fídíò ń jàǹfààní gan-an. Dísíìkì méjì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á ní ìlọ́po méjì iyára ẹyọ kan. Géèmù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń kà ló kéré, tó sì fọ́n káàkiri, ìdúró ló sì ń jẹ àkókò. Dísíìkì tó ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan ń dúró fún nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdù 4 kí ibi tí wọ́n ń wá tó yí débi tí wọ́n ti máa kà á, ká má tíì ka ìrìn orí tó ń kà á. RAID 0 kò dín ìdúró yìí kù. Ìpele tuntun lè tètè ṣí díẹ̀, ṣùgbọ́n iye àwòrán tó ń hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kì í sábà yí padà: ọwọ́ káàdì àwòrán àti prósẹ́sọ̀ nìyẹn wà.

Ewu rẹ̀ sì tóbi ju èrè lọ. Bí dísíìkì kan ṣoṣo bá kú, gbogbo fáìlì ló bá a lọ. SSD ẹyọ kan, tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ń rí dátà láàárín nǹkan bíi ìdá mẹ́wàá mílísẹ́kọ́ńdù. Òun ló yẹ kí eléré géèmù náwó lé.