Ojú Olójú Kò Jọ Ojú Ẹni: Ọ̀rọ̀ lórí Fífa Dísíìkì Lé Olùpamọ́ Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ni mo gbé wá. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní Ọ̀sì, ní Ìlọ́fà àti ní àyíká wọn. Ọ̀sì ni Areògún ti gbẹ́ ère. Odò-Ọ̀wá ni Bámigbóyè ti gbẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn àgbà ni oríkì àti ìtàn tí ó bá ère wọ̀nyí rìn wà. Nítorí èyí ni mo fi kó ẹ̀rọ jọ sínú yàrá kan ní ilé mi.

Owó àti iná mànàmáná kò gbà mí láyè láti ní ju kọ̀ǹpútà ńlá kan lọ. Mo fi sọ́fítíwíà Proxmox pín in sí púpọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe bí ẹni pé òun dá dúró. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun: IBM ti gbé VM/370 jáde ní 1972. Ẹ jẹ́ kí a pe kọ̀ǹpútà ńlá náà ní onílé, kí a sì pe àwọn ti inú rẹ̀ ní ayálégbé. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé mi ni olùpamọ́. ZFS, tí Sun Microsystems gbé jáde ní 2005, ni ó ń lò. Bí ZFS bá kọ nǹkan sílẹ̀, a ṣírò àmì kan fún un. Bí ó bá ń kà á padà, a tún un ṣírò. Bí àmì méjèèjì kò bá dọ́gba, a mọ̀ pé ó ti bàjẹ́, a sì mú èyí tí ó pé wá láti orí dísíìkì kejì.

Níbo ni mo ti kọsẹ̀? Dísíìkì méjì tí mo fún olùpamọ́ kì í ṣe dísíìkì gidi. Fáìlì méjì ni onílé ṣẹ̀dá sórí dísíìkì kan ṣoṣo. Olùpamọ́ rò pé ẹ̀dà méjì wà lọ́wọ́ òun. Ní ọjọ́ tí dísíìkì náà kú, ẹ̀dà méjèèjì bá a lọ. Nígbà tí mo padà sí Ìlọ́fà láti tún ohùn bàbá kan gbà, wọ́n ti sin ín.

Àṣìṣe tèmi nìyẹn, ṣùgbọ́n ewu mìíràn tún wà. Ẹni tí ó bá ń wo dísíìkì láti ẹ̀yìn onílé kò lè ka ìròyìn SMART, èyí tí dísíìkì fi ń sọ àìlera ara rẹ̀. Bí ó bá sì pàṣẹ pé kí a kọ nǹkan sórí dísíìkì lójú ẹsẹ̀, onílé lè dáhùn pé ó ti parí nígbà tí nǹkan náà ṣì wà nínú mẹ́mórì. Bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú náà, ó parí.

Àtúnṣe rẹ̀ ni passthrough: kí onílé yọwọ́ kúrò lórí káàdì HBA tí a so àwọn dísíìkì mọ́, kí ó fà á lé olùpamọ́ lọ́wọ́ pátápátá. IOMMU ni ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀. Intel ń pè é ní VT-d, AMD ń pè é ní AMD-Vi. Kì í jẹ́ kí káàdì náà fọwọ́ kan mẹ́mórì ayálégbé mìíràn. Láti 2012 ni Linux ti ń lo VFIO fún iṣẹ́ yìí.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta ni mo ní. Ìkínní, má ṣe fa káàdì tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbà jí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìkejì, káàdì tí ó ń dá RAID ṣe jẹ́ alárinà mìíràn. Èyí tí yóò fi dísíìkì hàn bí ó ti rí ni kí o lò. Ìkẹta, olùpamọ́ yóò gba gbogbo mẹ́mórì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní lè ṣí lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́.

Ní ìparí, passthrough kò dí olè lọ́wọ́, kò sì pa iná. Nítorí náà ni mo ṣe fi ẹ̀dà mìíràn sí Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fi ohun iyebíye ṣọ́, ẹ jẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i.